Kathleen Kenyon

Kathleen Mary Kenyon (5 Oṣù Kìíní 1906 – 24 Oṣù Kẹjọ 1978) jẹ́ awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. London ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Sir Frederic Kenyon, olùdarí British Museum, jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìwé àfọwọ́kọ Bíbélì.

Ìtàn ló kà ní Oxford. Lọ́dún 1929, ó bá awalẹ̀pìtàn Gertrude Caton-Thompson lọ sí Great Zimbabwe, ahoro ìlú olókùúta àtijọ́ kan ní ìhà gúúsù Áfíríkà, láti máa ya fọ́tò, àmọ́ ọ̀dọ̀ awalẹ̀pìtàn Mortimer Wheeler àti Tessa ìyàwó rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ìwalẹ̀ ní àkọ́yanjú. Kò gbà pé kí èèyàn kàn máa gbẹ́ ilẹ̀ tẹ̀lé ògiri kiri. Ihò onígun mẹ́rin ló ń gbẹ́, á sì fi erùpẹ̀ sílẹ̀ láàárín ihò kan sí èkejì, kí ìpele ilẹ̀ lè hàn ketekete. Àpáàdì tó bá wà nínú ìpele kan ló fi ń mọ ìgbà tí ìpele náà ti wà.

Ìlànà yìí ló gbé lọ sí Jẹ́ríkò láàárín 1952 sí 1958. John Garstang tó ṣáájú rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀ ti sọ pé òun rí odi tó wó nígbà Jóṣúà. Kenyon fi hàn pé odi ọ̀hún ti fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìgbà tí Garstang dá fún un, pé ìlú náà ti jóná ní nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Kristi, àti pé ohun tó kù láti ìgbà tí wọ́n máa ń ka Jóṣúà sí kò tó nǹkan. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán: lọ́dún 1990, awalẹ̀pìtàn Bryant Wood kọ̀wé láti ti ọjọ́ tí Garstang dá lẹ́yìn.

Ariwo odi yìí bo ohun tó jinlẹ̀ jù ú lọ mọ́lẹ̀. Kenyon hú ilé ìṣọ́ olókùúta kan jáde, tó ga ju mítà 8 lọ, tó ní àtẹ̀gùn nínú, tí wọ́n ti kọ́ ní nǹkan bí 8000 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ kò tíì máa mọ ìkòkò. Ó tún rí agbárí òkú tí wọ́n fi ohun ìrẹ́lé mọ ojú fún, tí wọ́n fi ìkarahun ṣe ẹyinjú wọn.

Ó walẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù láti 1961 sí 1967, ó sì darí St Hugh's College ní Oxford láti 1962 sí 1973. Wọ́n fi oyè Dame dá a lọ́lá lọ́dún 1973. Ìwé ìròyìn iṣẹ́ Jẹ́ríkò kò tíì jáde tán nígbà tó kú. Àwọn ẹlòmíràn ló parí rẹ̀.