Òróró olóòórùn ewéko fún eégbọn màlúù

Òróró olóòórùn ewéko, èyí táwọn onímọ̀ ń pè ní essential oil, ni òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú ewé, òdòdó, èèpo igi tàbí èèpo èso, òun gan-an ló ń fún ewé tíì, ẹfinrin, kànáfùrù àti míńtì ní òórùn tá a mọ̀ mọ́ wọn. Ó ti pẹ́ táwọn onímọ̀ ẹranko ti ń dán an wò bóyá ó lè rọ́pò oògùn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa eégbọn lára màlúù, tàbí kó kàn ràn án lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ti rí títí di báyìí ni pé ó ń pa eégbọn lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń pa á nínú láàbù yàtọ̀ gan-an sí bó ṣe ń pa á lára màlúù tó ń jẹko nínú oòrùn àti òjò, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà ọ̀rọ̀ yìí wà.

Eégbọn àti ìdí tí wọ́n fi ń wá oògùn míì

Eégbọn kì í ṣe kòkòrò gangan, ìdílé aláǹtakùn àti àkekèé ló wà, ẹsẹ̀ 8 ló ń ní tó bá dàgbà, ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ló máa ń ní ẹsẹ̀ 6. Èyí tó ń da màlúù láàmú jù láwọn ilẹ̀ olóoru ni Rhipicephalus microplus, tí wọ́n ń pè ní Boophilus microplus tẹ́lẹ̀. Ara màlúù kan ṣoṣo ló máa ń gbé látìgbà tó bá ti gùn ún ní ọmọ títí tó fi máa di ìyá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni gbogbo ẹ̀ ń gbà, lẹ́yìn náà ni abo tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó bámúbámú á já bọ́ sílẹ̀, á wá ibi tó tutù sá pamọ́ sí, á yé ẹyin bíi 2,000 sí 3,000, á sì kú síbẹ̀. Torí náà tí wọ́n bá tiẹ̀ pa gbogbo èyí tó wà lára màlúù lónìí, èyí tó wà nínú koríko tó ń dúró de ẹran tó máa kọjá ṣì pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń mu nìkan kọ́ ni ìyọnu ẹ̀, ó ń gbé àrùn. Microplus ló ń gbé Babesia bovis àti Babesia bigemina, àwọn ohun àìfojúrí tó ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́ tí ìtọ̀ màlúù á fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé Anaplasma marginale, bakitéríà kan tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Àwọn eégbọn míì náà ò gbẹ́yìn o, Amblyomma variegatum, tí ẹ̀yìn akọ ẹ̀ máa ń ní àwọ̀ tó ń dán, ló ń gbé àrùn heartwater, tó ń mú kí omi kóra jọ yí ọkàn ẹran ká, Rhipicephalus appendiculatus ló sì ń gbé Theileria parva, ohun àìfojúrí míì tó ń pa màlúù ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ ti pẹ́ téèyàn ti mọ̀ pé eégbọn ló wà nídìí ẹ̀: 1893 ni Theobald Smith àti Frederick Kilborne tẹ ìwádìí wọn jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi hàn pé eégbọn ló ń gbé ibà Texas, ìyẹn àrùn tí Babesia ń fà, láti ara màlúù kan dé ara òmíràn. Ní ti owó, ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2014 sọ pé microplus nìkan ń jẹ Brazil ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.24 dọ́là Amẹ́ríkà lọ́dọọdún.

Láti bí ìparí ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń ri màlúù sínú kòtò omi oògùn. Ásẹ́níìkì ni wọ́n kọ́kọ́ lò, DDT tẹ̀ lé e lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn ẹ̀ ni organophosphate, amitraz, pyrethroid bíi cypermethrin, ivermectin àti fipronil dé. Bí ọ̀kan bá ṣe ń dé, eégbọn á máa kú fún ọdún mélòó kan, nígbà tó bá yá apá oògùn yẹn ò ní ká a mọ́, torí àwọn díẹ̀ tí oògùn ò ràn ló ń bímọ kún ilẹ̀. Wọ́n ti rí microplus tó jẹ́ pé oògùn oríṣi mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ni kò ràn án mọ́. Kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni oògùn tuntun ń jáde, kò tún rọrùn láti fi oògùn tó ń pẹ́ lára fín màlúù tí wọ́n ń fún wàrà ẹ̀ tà. Ìdí nìyẹn tí ojú fi yí sí ewé.

Bí wọ́n ṣe ń fa òróró náà jáde

Wọ́n á kó ewé sínú ìkòkò ńlá tó dé pa, ooru omi gbígbóná á gba àárín ewé náà kọjá, ooru yẹn á gbé òróró dání, á gba inú páìpù tí omi tútù yí ká, ibẹ̀ ló ti máa padà di olómi tá á máa kán sínú ìgò. Nínú ìgò yẹn, omi àti òróró á yà sọ́tọ̀ fúnra wọn: ti ewé tíì á léfòó bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú lókè, ti kànáfùrù á rì sísàlẹ̀ torí ó wúwo ju omi lọ. Èèpo ọsàn ní tiẹ̀, fífún ni wọ́n sábà máa ń fún un, kò nílò iná.

Nǹkan méjì kan wà táwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ òróró yìí. Omi ewé, ìyẹn ewé tí wọ́n kàn sè tàbí tí wọ́n rẹ sómi, kì í ṣe òun, torí tí wọ́n bá se ewé nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, òórùn tó gba gbogbo ilé yẹn gan-an ni òróró ọ̀hún tó ń fò lọ. Òróró dongoyárò náà ò sí lára wọn: kóró ẹ̀ ni wọ́n ń fún, kì í fò lọ sínú afẹ́fẹ́, azadirachtin tó wà nínú ẹ̀ kì í sì í yára pani, oúnjẹ jíjẹ àti ìdàgbà kòkòrò ló ń dí lọ́wọ́.

Àwọn ewé tí wọ́n ti dán wò

Ewé tíì, Cymbopogon citratus, wà lára èyí tí wọ́n ti dán wò jù, citral ló pọ̀ nínú òróró ẹ̀. Ìbátan ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní citronella ní citronellal àti geraniol, òun náà ń pa eégbọn, ó tún ń lé e sá. Ti Eucalyptus, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló rí bákan náà, èyí tí citronellal pọ̀ nínú ẹ̀ bíi Corymbia citriodora máa ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí Eucalyptus globulus tó jẹ́ pé cineole ló kún inú ẹ̀. Kànáfùrù ní eugenol, sínámọ́nù ní cinnamaldehyde. Àwọn tí thymol àti carvacrol bá pọ̀ nínú wọn, bíi táìmù, oregano àti Lippia sidoides tó wá láti àríwá ìlà oòrùn Brazil, wà lára àwọn tó lágbára jù lọ. Tagetes minuta náà ti fi ara ẹ̀ hàn dáadáa nínú àwọn ìdánwò ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí yìí.

Ẹfinrin, Ocimum gratissimum, la fi lè rí ìṣòro kan tó wà nídìí gbogbo ẹ̀. Ẹfinrin kan lè kún fún eugenol, òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì lè kún fún thymol, orúkọ kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ́, kò sì sí bí ojú lásán ṣe lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ilẹ̀ tó hù sí, àsìkò tí wọ́n já a, bóyá wọ́n sá a gbẹ tàbí wọn ò sá a, gbogbo ẹ̀ ló ń yí ohun tó wà nínú òróró padà. Torí náà ẹni tó bá ka ìwádìí tó sọ pé òróró ẹfinrin pa eégbọn, tó wá lọ fa ti ẹfinrin tó wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀ jáde, ó lè rí nǹkan míì pátápátá. Ìwádìí tí ò bá sọ ohun tó wà nínú òróró tó lò, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ewé kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ lílé ju pípa lọ. Àwọn onímọ̀ ní Kẹ́ńyà ti fi hàn pé òórùn ẹ̀kùyá, Gynandropsis gynandra, ń lé Rhipicephalus appendiculatus sá. Koríko Melinis minutiflora náà wà, irun ewé ẹ̀ máa ń lẹ̀, ọmọ eégbọn tó bá gùn ún lọ á há síbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára eégbọn

Òróró kan lè ní kẹ́míkà tó ju ogún lọ nínú, torí náà kì í ṣe ọ̀nà kan ló ń gbà pani. Àwọn kan ń dí acetylcholinesterase lọ́wọ́, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tí iṣan ìmọ̀lára eégbọn nílò kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn kan ń da iṣẹ́ octopamine rú, ìyẹn ohun tó ń gbé ìsọfúnni kiri nínú iṣan ara eégbọn, òmíràn tún ń ba awọ òde ara ẹ̀ jẹ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé torí ọ̀nà ẹ̀ pọ̀, eégbọn ò ní lè borí ẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀, torí ibi kan náà tí octopamine ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni amitraz náà ń kọlù, tẹ́nì kan bá sì ń lo òróró kan ṣoṣo tí thymol kún inú ẹ̀ lọ́dọọdún, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń lo kẹ́míkà kan ṣoṣo.

Láàbù yàtọ̀ sí pápá

Oríṣi ìdánwò méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èkíní, wọ́n á ṣa abo eégbọn tó ti yó, àwọn tó rí roboto bíi kóró ẹ̀wà, wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á rì wọ́n sínú òróró tí wọ́n ti fomi là, ó sábà máa ń jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n á nù wọ́n gbẹ, wọ́n á yí wọn kí ikùn wọn kọjú sókè nínú àwo láàbù, wọ́n á sì gbé wọn síbi tó móoru tó tún rin, ní nǹkan bí 27 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 wọ́n á wọn ẹyin tí wọ́n yé, wọ́n á tún dúró wò ó mélòó ló máa pa. Eégbọn tí ò kú rárá lè yé ẹyin tí ò ní pa, ìyẹn náà sì jẹ́ èrè. Nínú ìdánwò kejì, ọmọ eégbọn ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi òróró kun bébà, wọ́n á ká a bí àpò, wọ́n á da àwọn ọmọ náà sínú ẹ̀, wọ́n á dí i, tó bá di wákàtí 24 wọ́n á ṣí i wò.

Àpò bébà tí wọ́n dí pa yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Òróró tó ń fò lọ ò ríbi lọ nínú ẹ̀, ooru ẹ̀ há mọ́ ọmọ eégbọn lọ́rùn láti ìdájí dé ìdájí, kò yani lẹ́nu pé gbogbo wọn kú. Ọmọ eégbọn tún rọrùn pa ju ìyá tó ti yó lọ. Lára màlúù, atẹ́gùn ń fẹ́, oòrùn ń pa á, irun ẹran náà ń fa òróró mu, láàárín wákàtí díẹ̀ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ti lọ, eégbọn tó wà nínú etí, lábẹ́ ìrù àti láàárín ọmú sì lè máà rí nínú ẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí òróró tó pa gbogbo eégbọn nínú láàbù fi lè má pa ju ìdajì lọ lára màlúù.

Iye òróró tó ń gbà náà kò kéré. Màlúù àgbà kan máa ń gba nǹkan bíi lítà 4 omi oògùn kó tó rin dáadáa, tó bá sì jẹ́ pé ìdá 5 nínú 100 ni òróró tó wà nínú omi náà, mílílítà 200 òróró gidi nìyẹn fún màlúù kan lẹ́ẹ̀kan péré. Kìlógíráàmù 100 ewé tíì tútù kì í sábà mú ju gíráàmù 200 sí 500 òróró jáde, torí náà ó lè gba ewé tó tó kìlógíráàmù 40 sí 90 láti fín màlúù kan, wọ́n sì tún máa fín in lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó ní màlúù mẹ́ta lè rọ́gbọ́n dá sí i, ẹni tó ní igba ò lè rí i ṣe.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń ki òróró náà sínú kóró kéékèèké tí wọ́n fi chitosan tàbí cyclodextrin ṣe, kó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn míì ń po thymol pọ̀ mọ́ eugenol tàbí carvacrol, torí àwọn wọ̀nyí máa ń lágbára sí i tí wọ́n bá jọ wà pa pọ̀, wọ́n tún ń pò ó mọ́ cypermethrin kí iye kẹ́míkà tí wọ́n ń lò lè dín kù. Èyí ló dà bíi pé ó ní ọjọ́ iwájú jù.

Ewu tó wà nínú ẹ̀

Ti pé ó tinú ewé wá ò ní kó má lè ṣèèyàn tàbí ẹran léṣe, ó ṣe pàtàkì kí gbogbo ẹni tó ń sin màlúù mọ èyí. Òróró tí wọn ò là máa ń jó awọ ara, pàápàá ti sínámọ́nù, kànáfùrù àti oregano, ojú àti ọmú ẹran ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Òróró àti omi kì í dà pọ̀, tí wọn ò bá fi ọṣẹ tàbí ohun tó ń mú wọn pò mọ́ra sí i, ńṣe ni òróró á kóra jọ síbì kan, màlúù kan á gba omi lásán, èyí tó tẹ̀ lé e á gba òróró tó ń jóni. Pulegone, tó wà nínú àwọn oríṣi míńtì kan, ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Òórùn ẹ̀ tún lè wọ inú wàrà. Omi tó ṣẹ́ kù ò yẹ kó ṣàn lọ sódò torí ẹja, ológbò tó ń gbé níbẹ̀ náà ò yẹ kó fara kàn án torí ara ológbò ò lè tètè fọ àwọn kẹ́míkà yìí dànù.

Ní Amẹ́ríkà, EPA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, ti fi òróró ewé tíì, kànáfùrù, táìmù àti citronella sára àwọn ohun tí wọ́n kà sí èyí tí ewu ẹ̀ kéré, tí wọn ò ní kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà kí wọ́n tó tà á, láti 1996. Àmọ́ ìyẹn túmọ̀ sí pé àjọ náà ò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, torí náà ohun tí wọ́n kọ sára ìgò nìkan ò tó ẹ̀rí.

Lílò ó pẹ̀lú àwọn ọ̀nà míì

Kò tíì sí òróró kan tó dá nìkan kápá eégbọn nínú agbo màlúù ńlá. Ibi tó ti ń wúlò jù ni kí wọ́n fi pa àwọn ọmọ eégbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn màlúù, torí ìwọ̀nba òróró díẹ̀ ló ń pa wọ́n, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìyókù wà lọ́wọ́ nǹkan míì: kí pápá kan sinmi kí ebi lè pa èyí tó wà nínú koríko, kí wọ́n sin màlúù oníké tí eégbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè lára ẹ̀ bíi ti àwọn màlúù Yúróòpù, kí wọ́n lo abẹ́rẹ́ àjẹsára Bm86, tó ń mú kí ara màlúù fúnra ẹ̀ gbógun ti eégbọn, níbi tó bá wà, èyí tí Cuba àti Australia kọ́kọ́ gbé jáde láàárín ọdún 1990 sí 1995. Wọ́n tún ń lo olú kan tó ń jẹ́ Metarhizium anisopliae tó máa ń hù wọ inú ara eégbọn tá á sì pa á. Ṣùgbọ́n thymol àti eugenol ń pa olú náà, torí náà ẹni tó bá fẹ́ lo méjèèjì ò gbọ́dọ̀ pò wọ́n sínú ike kan, ó tún ní láti fi àyè ọjọ́ díẹ̀ sáàárín wọn.