Alárinà Ẹ̀rọ: Bí Wíwá Alájọṣe Lókè Òkun Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Láyé àwọn bàbá wa, ọkùnrin tó bá rí ọmọge tó wù ú kì í dédé gbéra lọ sílé wọn. Alárinà ní í kọ́kọ́ lọ. Òun ní í wádìí ìdílé, bóyá àrùn kan wà níbẹ̀, bóyá ajẹgbèsè ni wọ́n, kó tó máa gbọ́rọ̀ lọ gbọ́rọ̀ bọ̀. Nígbàkígbà tí mo bá rí oníṣẹ́ kékeré ní Òṣogbo tó ń wá ẹni tí wọn yóò jọ da òwò pọ̀ lókè òkun, alárinà yìí gan-an ni mo máa ń rí pé kò ní.

Màmá kan tó ń yan gàrí ní Òkè-Baálẹ̀ ló là mí lójú. Ó mú mi lọ wo ẹ̀rọ tó rà láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán, àmọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ti já láti oṣù kejì tó dé. Ìwé tó bá a wá, èdè Ṣáínà ni látòkè délẹ̀. Fóònù ẹni tó tà á fún wọn kò lọ mọ́. Àpò gàrí mẹ́ta ni Màmá tò lé e lórí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ ni mo rà, mi ò ra ẹni tó máa kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yìí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà ń gbòmìnira, wọ́n gba àsíá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ bí a ṣe ń ṣe nǹkan kò bá àsíá wá. Ní 1964 ni wọ́n dá International Trade Centre sílẹ̀ ní Geneva láti bá irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ wá ọjà síta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1966, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá UNIDO sílẹ̀, ẹ̀ka wọn tó ń rí sí ìdàgbàsókè ilé iṣẹ́, wọ́n fi olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Vienna. Nígbà tó yá, UNIDO ṣí àwọn ọ́fíìsì kan sí ìlú kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n máa mú ẹni tó ní ẹ̀rọ àti owó mọ ẹni tó ń wá a. Éṣíà bẹ̀rẹ̀ ibùdó tiwọn ní Bangalore lọ́dún 1977; 1993 ló kó lọ sí New Delhi.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èèyàn ni wọ́n ń rán dípò ẹ̀rọ. Netherlands bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní PUM ní 1978, Jámánì bẹ̀rẹ̀ tiwọn, SES, ní 1983. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọgbọ́n iṣẹ́ ṣì wà lórí wọn, ni wọ́n ń wá jókòó ti oníṣẹ́ kékeré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Òṣogbo náà ti rí tirẹ̀. Lọ́dún 1933, British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá níbí. Nígbà tó di 1937, Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí. Wọ́n gbé e wá, wọ́n gbé e lọ, nítorí ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ló ni ìmọ̀ inú rẹ̀.

Ti Nigeria Machine Tools yàtọ̀. 1980 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Òṣogbo, ìjọba àpapọ̀ sì fi HMT, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ìjọba Íńdíà, ṣe alájọṣe. Ẹ̀rọ tó ń bí ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, léètì àti irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí HMT yìí. 1953 ni Íńdíà dá a sílẹ̀ ní Bangalore, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn òmìnira wọn, Oerlikon ti Switzerland ló sì kọ́ wọn níṣẹ́. Ní 1961, wọ́n tún lọ bá Citizen ti Japan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aago ọwọ́. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi jẹ́ ọmọọṣẹ́ tí wọ́n fi wá ṣe ọ̀gá fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan la ti lè rí alájọṣe, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún un.

Ilé iṣẹ́ ìjọba nìyẹn o. Fún oníṣẹ́ kékeré, ohun tó sún mọ́ alárinà jù ni àwọn Industrial Development Centre, ibùdó tí ìjọba dá sílẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Owerri ni ti àkọ́kọ́ wà, ní 1962, Òṣogbo sì wà lára àwọn ìlú tó ní tiwọn lẹ́yìn náà. Nígbà tó di 2003, ìjọba dá SMEDAN sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìwé àdéhùn. Òfin tó kàn wá níbẹ̀ ni Decree 70 ti 1979, tó dá ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ láti òkèèrè sílẹ̀; NOTAP ni orúkọ rẹ̀ dà ní 1992. Òfin náà ní kí ẹni tó bá bá àjèjì ṣe àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ fi orúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí wọn, báńkì kò gbọdọ̀ san owó àdéhùn náà síta. NOTAP lè kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn tí owó rẹ̀ ju ìmọ̀ inú rẹ̀ lọ, tàbí èyí tó fi ipá mú ọ pé ọ̀dọ̀ alájọṣe náà nìkan ni wàá ti máa ra gbogbo nǹkan. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mọjú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Ti Màmá Òkè-Baálẹ̀, alárinà ti yẹ̀ba kí ìyàwó tó wọlé. Wẹ́dà kan ládùúgbò ló bá wọn wá bẹ́líìtì tó bá a mu, ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àmọ́ wọ́n tún fẹ́ èyí tó ń fún omi ẹ̀gẹ́, a sì jọ jókòó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kan ní Bràsíl. Mo ti ń kọ ọ́ pé èló ni, ni Màmá bá dá mi dúró. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ta ló ń bọ̀ wá kọ́ àwọn, àti pé ọjọ́ mélòó ló máa lò.