Wíwọn àbájáde iṣẹ́ abẹ sàkómà ọwọ́ àti ẹsẹ̀

Wíwọn àbájáde iṣẹ́ abẹ sàkómà ni ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn fi ń mọ ibi tí nǹkan já sí fún aláìsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ jẹjẹrẹ kúrò ní apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó ṣì wà láàyè, bóyá àrùn náà tún yọjú, bóyá ojú egbò jiná, bí ó ṣe ń rìn, bóyá ó ń rí iṣẹ́ ṣe, àti bí ayé ṣe rí lójú òun fúnra rẹ̀. Sàkómà ni jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú eegun, iṣan, ọ̀rá tàbí àwọn okùn tó so ara pọ̀. Jẹjẹrẹ ọyàn tó ràn dé eegun itan kì í ṣe sàkómà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eegun náà ló ń dun aláìsàn. Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n: nǹkan bí 1% ni nínú gbogbo jẹjẹrẹ àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n oríṣi rẹ̀ kan, osteosarcoma, ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, pàápàá láàárín ọdún 10 sí 25. Ẹ̀gbẹ́ orúnkún ló sì ti wọ́pọ̀ jù: ìsàlẹ̀ eegun itan tàbí òkè eegun ojúgun.

Ní Àbújá àti àríwá Nàìjíríà, lára àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń forí lé ni National Hospital tó ṣílẹ̀kùn ní Àbújá ní 1999, ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika lẹ́bàá Zaria, ti Jos, àti ilé ìwòsàn eegun ti Dala ní Kánò, tó ti wà láti 1959. Yorùbá kò ṣàìsí nínú àwọn tó ń jókòó de dókítà níbẹ̀: ará Ọ̀kun láti Kàbà àti Ìsánlú, ará Ìlọrin, àti àwọn tó ti ìsàlẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kubwa, Nyanya àti Lugbe. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fi wọn ara wọn kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Kánádà, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn, èyí sì ń kó bá máàkì tí aláìsàn máa gbà ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Bí ìbéèrè ṣe yí padà

Títí di nǹkan bí ọdún 1970, gígé ni ìtọ́jú sàkómà eegun. Wọ́n á gé ẹsẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bí ẹni méjì péré nínú mẹ́wàá ló ń yè, nítorí pé àrùn náà sábà máa ń ti dé ẹ̀dọ̀fóró kí abẹ tó kàn án. Nígbà tí kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, dé, iye náà gòkè sí mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá fún àwọn tí àrùn wọn kò tíì ràn. Ìyẹn ló fún àwọn oníṣẹ́ abẹ láyè láti máa dá ẹsẹ̀ sí: wọ́n á yọ ibi tó bàjẹ́, wọ́n á fi irin tàbí eegun mìíràn dípò rẹ̀.

Ní 1982, Steven Rosenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Cancer Institute ti ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí sàkómà inú ẹran ara. Aláìsàn 43 ló wà nínú rẹ̀, gègé ni wọ́n sì fi pín wọn. Wọ́n dá apá tàbí ẹsẹ̀ ẹni 27 sí, wọ́n fi ìtọ́jú onítànṣán, ìyẹn ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ, kún un. Wọ́n gé ti ẹni 16. Iye àwọn tó yè lọ́tùn-ún lósì kò yàtọ̀ síra.

Ọdún yẹn kan náà ni Paul Sugarbaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tẹ òmíràn jáde, tí wọ́n fi bi irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí léèrè bí ayé ṣe rí fún wọn. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé ẹni tó ṣì ní ẹsẹ̀ méjì á gbádùn ayé ju ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n dá ẹsẹ̀ wọn sí kò sàn ju àwọn tí wọ́n gé tiwọn lọ, kódà ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tún nira fún wọn jù. Láti ìgbà náà ni kò ti tọ́ mọ́ kí oníṣègùn kàn wo ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀, kó ní iṣẹ́ ti yọrí.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni iṣẹ́ abẹ ìyípo ẹsẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún sàkómà ní Vienna ní 1974. Wọ́n á gé orúnkún àti ibi tí jẹjẹrẹ wà nítòsí rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò ní gé okùn ìmọ̀lára ńlá tó lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á wá yí ìyókù ẹsẹ̀ padà kí gìgísẹ̀ kọjú síwájú, wọ́n á so ó mọ́ itan. Ọrùn ẹsẹ̀ á di orúnkún, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á sì wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀. Ó lè kó ẹni tó kọ́kọ́ rí i láyà jẹ. Síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe é fún ń sáré, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn ìwádìí lórí wọn sì sábà ń fi hàn pé ayé wọn kò burú ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹni tó bá fojú lásán wò wọ́n kò lè mọ èyí, àfi tó bá bi wọ́n.

MSTS: ìwọ̀n tí dókítà ń kọ

Ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ sàkómà ni MSTS, tó gba orúkọ rẹ̀ lára ẹgbẹ́ Musculoskeletal Tumor Society. William Enneking, oníṣègùn eegun ní Yunifásítì Florida, ló síwájú nínú ṣíṣe rẹ̀ ní 1987. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 1993 ni wọ́n ń lò ó títí di òní. Nǹkan mẹ́fà ló ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 5, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 30. Mẹ́ta kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bákan náà: ìrora, ohun tí aláìsàn lè ṣe, àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe gba ipò tó bá ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n á fi ohun tó fi ń gbára lé, bí ó ṣe lè rìn jìnnà tó, àti bí ìrìn rẹ̀ ṣe rí kún un. Tó bá jẹ́ ọwọ́, wọ́n á wo ibi tó lè na ọwọ́ dé, bí ìka rẹ̀ ṣe já fáfá sí, àti bí ohun tó lè gbé ṣe wúwo tó.

Ẹ wo ti ohun ìgbáralé. Ẹni tí kò lo nǹkan kan gba 5. Ẹni tó de irin tàbí ike mọ́ ẹsẹ̀ gba 3. Ọ̀pá kan, máàkì 1. Ọ̀pá méjì, òdo. Tí àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 21, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé 70%.

Ó yá láti kọ, ìdí nìyẹn tó fi gbalẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé dókítà ló ń fún aláìsàn ní máàkì, dókítà náà sì lè jẹ́ ẹni tó fi abẹ kàn án, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mààkì ìwé ìdánwò ara rẹ̀. Bí ọkàn aláìsàn ṣe gba ipò rẹ̀, tí dókítà ń díwọ̀n láti ìta, ló tilẹ̀ ṣòro jù láti gbà gbọ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

TESS: ìwọ̀n tí aláìsàn ń kọ

TESS, tí ìlú Toronto wà nínú orúkọ rẹ̀, jáde ní 1996 láti ọwọ́ Aileen Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà. Ìbéèrè 30 ló wà fún ẹsẹ̀, 29 fún ọwọ́, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn wọn. Ṣé ó nira láti wọ ṣòkòtò? Láti wọ bàtà? Láti kúnlẹ̀? Láti dìde lórí ìkúnlẹ̀? Láti gun àtẹ̀gùn, láti wọ ọkọ̀, láti ṣe iṣẹ́ fún iye wákàtí tó ti mọ́ ọn lára, láti bá ọkọ tàbí aya lò pọ̀? Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ láti 1, tó túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe rárá, ó parí sí 5, ìyẹn pé kò nira rárá. Èyí tí kò bá kan aláìsàn, wọn kò ní kà á.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Ká ní ẹnì kan dáhùn ìbéèrè 28, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 98. Wọ́n á yọ 28 kúrò nínú 98, á ku 70. Wọ́n á wo ìdá tí 70 jẹ́ nínú 112, ìyẹn 28 lọ́nà mẹ́rin. Máàkì rẹ̀ á jẹ́ 62.5 nínú 100.

MSTS àti TESS lè ta kora lára ẹnì kan ṣoṣo. Orúnkún tí kò ṣeé ká mọ́ á fa máàkì MSTS wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ẹni náà bá jẹ́ ti ìjókòó, tó sì ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, TESS rẹ̀ lè ga dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń lo méjèèjì pọ̀.

Ohun tó kọjá ẹsẹ̀

Fún ìgbé ayé lápapọ̀, fọ́ọ̀mù QLQ-C30 ti EORTC, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Yúróòpù, ló wọ́pọ̀ láàárín àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ láti 1993. Ìbéèrè 30 ló ní: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, ìrora, ìbànújẹ́, ọ̀rọ̀ ẹbí, àti ìbéèrè kan ṣoṣo lórí bóyá àìsàn náà kó aláìsàn sínú ìṣòro owó. Ẹni tó bá ń ka àbájáde rẹ̀ ní láti ṣọ́ra: máàkì gíga lórí ohun tí ara lè ṣe dára, ṣùgbọ́n máàkì gíga lórí ìrora burú. SF-36 àti WHOQOL-BREF, àwọn fọ́ọ̀mù ìgbé ayé tí kì í ṣe ti jẹjẹrẹ nìkan, náà ṣeé lò.

Egbò àti irin

Àwọn àbájáde kan wà tí dókítà ní láti fojú rí, kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ìwádìí tí Brian O'Sullivan ṣáájú rẹ̀ ní Kánádà, tó jáde ní 2002, fi ìtànṣán ṣáájú iṣẹ́ abẹ wé ìtànṣán lẹ́yìn rẹ̀. Egbò dá wàhálà sílẹ̀ fún 35% nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba ìtànṣán, ó sì jẹ́ 17% nínú àwọn ìyókù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní kí wọ́n máa fi ìtànṣán sẹ́yìn. Àmọ́ nígbà tí ọdún gorí ọdún, ara àwọn tó gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń le gbagidi jù, torí pé ìtànṣán tiwọn pọ̀ jù: 66 Gy sí 50 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán). Ìgbà tí wọ́n bá wọn àbájáde ló ń sọ ẹni tó jàre.

Irin tó rọ́pò eegun ní wàhálà tirẹ̀. Ìpínsísọ̀rí Henderson ti 2011 to bí irin ṣe ń bàjẹ́ sí ọ̀nà márùn-ún: ẹran ara tó yí i ká lè kùnà, irin lè mì láyè rẹ̀, ó lè kán, kòkòrò àrùn lè wọ̀ ọ́, jẹjẹrẹ sì lè padà síbẹ̀. Lórí ti kòkòrò, ìwádìí PARITY, tó jáde ní 2022, kó aláìsàn 604 jọ láti ilé ìwòsàn 48 ní orílẹ̀-èdè 12. Ó wò ó bóyá ó yẹ kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àrùn wọ ojú iṣẹ́ abẹ ẹni 16.7% nínú àwọn ọlọ́jọ́ kan àti 15.0% nínú àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Ohun tó pọ̀ sí i fún àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ìpalára tí oògùn náà fúnra rẹ̀ ń fà.

Ní Àbújá: ohun tí fọ́ọ̀mù kò béèrè

TESS béèrè bóyá ó nira láti wọ inú agbada ìwẹ̀ olómi kí ènìyàn sì jáde. Màmá tó ń fi garawa àti kọ́ńgò wẹ̀ lẹ́yìn ilé ní Nyanya á ní kò kan òun, ìbéèrè náà á sì bọ́ nínú ìṣirò. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó lè lóṣòó ní ṣáláńgá, bóyá ó lè gbẹ́sẹ̀ kọjá gọ́tà iwájú ilé, tàbí bóyá ó lè gun kẹ̀kẹ́ Maruwa láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á sókè. Kò sí ìbéèrè lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ìkúnlẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ pàdánù ju orúnkún lọ. Fún Mùsùlùmí, ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti jókòó kírun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun lórí àga nígbà tí àwọn yòókù bá forí kanlẹ̀.

Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tó ṣeé gbé lé. Ní Ìbàdàn, àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ṣe ìwọ̀n tiwọn, IKHOAM, fún làkúrègbé orúnkún àti ìgbáròkó. SF-36 ti ní ẹ̀dà Yorùbá tí wọ́n dán wò, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. WHOQOL-BREF náà ti ní tirẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Kánò ti ṣe ẹ̀dà Hausa fún ìwọ̀n ìrora ẹ̀yìn. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún sàkómà nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kò yàtọ̀: ẹni méjì á túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi wéra, wọ́n á sì kà á fún àwọn aláìsàn kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà ìbéèrè náà ní ipa tirẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá ní, "Màmá, ṣé ẹ ń rìn dáadáa?", ìdáhùn tó máa gbà ni "A dúpẹ́, ọmọ mi." Tó bá ní, "Láti ilé yín dé ibi tí ẹ ti ń wọ kẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń sinmi?", á gbọ́ òótọ́. Ẹ̀gbọ́n tó mú aláìsàn wá tún lè máa dáhùn dípò rẹ̀, pàápàá tí aláìsàn bá jẹ́ ọmọdé tàbí tí kò lè kàwé. Ìdáhùn ẹlòmíràn kì í ṣe ti aláìsàn, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ẹlòmíràn ló dáhùn.

Èyí tó ń ba ìwọ̀n jẹ́ jù ni àìpadàwá. Wọ́n sábà ń fẹ́ wọn aláìsàn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan àti ọdún méjì. Ẹni tó ti Kàbà tàbí Minna wá ní láti wá owó ọkọ̀ àti ibi tó máa sùn. Àwọn kan ti bá àwọn tí ń to eegun lọ, àwọn kan ti kú, ilé ìwòsàn kò sì gbọ́. Tí ìwádìí bá wá sọ pé àròpín TESS jẹ́ 80, àwọn tó rí owó ọkọ̀ san nìkan ló lè jẹ́ 80. Pípè wọ́n lórí fóònù ń dín àléébù yìí kù, nítorí pé TESS ṣeé bi ènìyàn ní ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn ní èdè rẹ̀. MSTS kò ṣeé parí bẹ́ẹ̀: dandan ni kí ẹnì kan fojú rí bí aláìsàn ṣe ń rìn.