Ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń fò yẹn, kì í fò bí àwòdì o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ yìí sọ. Fídíò kan ló ń ti fóònù bọ́ sí fóònù ní àdúgbò wa l'Ágége níbí, ọ̀kẹ́rẹ́ Amẹ́ríkà kan bẹ́ látorí igi, ó na ara pẹrẹsẹ, ó lọ lẹ̀ mọ́ igi míì lọ́ọ̀ọ́kán, ni gbogbo èèyàn bá ń pariwo pé ó ń fò bí àwòdì, àbúrò mi ti lọ sọ ọ́ ní kíláàsì pàápàá. Rárá o.

Kò ní ìyẹ́ kankan. Awọ onírun ló ní, láti ọrùn ọwọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, tó bá ti bẹ́ á na tọwọ́ tẹsẹ̀, awọ yẹn á fẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gbé e rọra lọ sísàlẹ̀, ìrù ẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ ló fi ń darí ara. Ó lè rìn tó míta 90 bẹ́ẹ̀, ìyẹn fẹ́ẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, àmọ́ ìsàlẹ̀ ló ń lọ ṣáá. Tó bá fẹ́ padà sókè, àfi kó fi èékánná gun igi.

Mo mọ ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Tẹ́ ẹ bá dúró l'Óko Ọba lọ́sàn-án, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ ó rí àwòdì tó ń rábàbà, kò ju apá rárá, síbẹ̀ ó ń ga sí i, wọ́n á wá ní ṣebí ọ̀kẹ́rẹ́ náà ò ju apá. Oòrùn tó mú páànù àti títì ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbígbóná máa gòkè, inú ẹ̀ ni àwòdì ń yí po. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Tí atẹ́gùn ọ̀hún bá tán, á ju apá, ẹran àyà ẹ̀ lágbára gan-an. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò ní apá tó máa jù.

Nínú gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú, àdán nìkan ló ń fò lóòótọ́.

Kódà ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ẹranko tó ní irú awọ yìí, ìpẹ́ wà lábẹ́ ìrù ẹ̀ tó fi ń di igi mú, òun náà ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ tún fídíò yẹn wò, ẹ wo ibi tó ti bẹ́, kẹ́ ẹ wá wo ibi tó balẹ̀ sí.