Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìtọ́jú Ìṣègùn fún Àwọn Àgbàlagbà

Ní ọdún 1935, ilé ìwòsàn West Middlesex ní Isleworth, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, gba àkóso ilé ìtọ́jú àwọn aláìní tí ó múlé tì í, wọ́n sì fi ibùsùn 714 tí ó wà níbẹ̀ sí abẹ́ dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Marjory Warren. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá níbẹ̀ jẹ́ arúgbó tí ẹnikẹ́ni kò fara balẹ̀ yẹ̀ wò rí. Rọpárọsẹ̀ ti dá àwọn kan dùbúlẹ̀, àwọn mìíràn kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, gbogbo wọn ni a sì ti kà sí ẹni tí ogbó ti bá jà, tí kò sí oògùn fún.

Warren kò gba bẹ́ẹ̀. Ó yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ohun tí ó ń ṣe kálukú, ó sì ya àwọn tí ó lè dìde sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí yóò máa gba ìtọ́jú lórí ibùsùn. Ó rí i pé ìdùbúlẹ̀ gan-an wà nínú ohun tí ń pa wọ́n lára: iṣan tí a kò lò a máa joro, oríkèé tí kò mì a máa gan, egbò a sì máa yọ ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ó ní kí a tún ògiri kùn, kí iná mọ́lẹ̀ sí i, kí a sì kan irin tí aláìsàn lè dì mú bí ó bá ń rìn. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń padà sílé nìyẹn, títí ibùsùn tí ó nílò fi dín kù sí nǹkan bí 240. Ó yẹ kí àwa tí a máa ń sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n má ṣe dìde, kí wọ́n jẹ́ kí a bá wọn gbé e, ro èyí dáadáa, nítorí ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó rìn kò ní í pẹ́ gbàgbé ìrìn.

Lóòótọ́, dókítà kan tí ń jẹ́ Ignatz Nascher ti sọ ní New York ní 1909 pé ó yẹ kí ìṣègùn àgbàlagbà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ti ọmọdé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Warren ni ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní 1943 ó kọ̀wé pé inú ilé ìwòsàn gbogbogbòò ni ó yẹ kí a ti máa tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 1947 àwọn dókítà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Kí ni ó dé tí àìsàn kékeré kan yóò ṣe ẹni ọgọ́rin ọdún méjì, tí ọ̀kan yóò dìde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí èkejì kò sì ní í dìde mọ́? Ní 2001, Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àmì márùn-ún kalẹ̀ tí a fi lè mọ ẹni tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ: kí ènìyàn rù láìgbèrò rẹ̀, kí ó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ rẹ̀ má lè fún nǹkan dáadáa mọ́, kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀, kí ó má sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ara mọ́. Ẹni tí ó ní mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni tí ó ní ọ̀kan tàbí méjì ń lọ síbẹ̀.

Ní ọdún kan náà, Arnold Mitnitski àti Kenneth Rockwood ní Kánádà gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń ka gbogbo ìṣòro ara tí ènìyàn ní. Bí a bá wo ohun 40, tí 10 sì ti bàjẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìwọ̀n bí ara rẹ̀ ṣe di hẹ́gẹhẹ̀gẹ tó. Ní tèmi, èyí ni ó sún mọ́ iṣẹ́ Warren jù, nítorí kò fi ojú fo ohunkóhun lára aláìsàn.

Nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2003 láàárín àwọn àgbàlagbà 2,152 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì béèrè bóyá wọ́n lè dá wẹ̀, kí wọ́n dá wọṣọ, kí wọ́n sì dá rìn. Ní 2012, UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìbàdàn, ṣí ilé ìtọ́jú tí ó wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan.