Bí aró ṣe ń tan ojú: àyẹ̀wò tí oníṣẹ́ àdìrẹ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè jọ ṣe l'Ábẹ́òkúta

Bí a bá gé aṣọ aláwọ̀ eérú kan sí méjì, tí a lẹ ọ̀kan mọ́ àárín aró tó dúdú minimini, tí a lẹ èkejì mọ́ àárín funfun, àwọ̀ méjì ni ojú máa rí. Ti inú aró á dà bíi pé ó fẹ́ funfun, ti inú funfun á ṣókùnkùn. Ojú kì í dá wo àwọ̀. Ohun tó yí i ká ló fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ẹjọ́ aláró ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ onímọ̀. Ní 1824, Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, di olórí ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró ní Gobelins, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Paris. Wọ́n ní òwú dúdú ibẹ̀ kò dúdú tó. Ó fi wé ti ibòmíràn, kò rí ìyàtọ̀: búlùú àti àlùkò tí wọ́n hun mọ́ ọn ló ń jẹ dúdú rẹ̀. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1839.

Oníṣẹ́ àdìrẹ ni yóò pèsè aṣọ: èyí tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan, èyí tí a rì títí tó fi dúdú, àti funfun. Kó má fi igi lù wọ́n o, torí aṣọ tí a lù máa ń dán, dídán yẹn á sì da gbogbo ìwọ̀n rú. Gọ́ọ̀mù ni ká fi lẹ ègé eérú oníbùú 5 cm mọ́ wọn. Òwú dúdú tí a bá fi rán etí rẹ̀ á pààlà sáàárín àwọ̀ méjèèjì, ìtànjẹ náà á sì rọ̀.

Òǹwòran á dúró ní mítà 2, pẹ̀lú páálí tí a kun oríṣi eérú 11 sí, kó tọ́ka sí èyí tó bá ègé náà mu. Iye ìpele tó wà láàárín ìdáhùn rẹ̀ lórí aṣọ méjì ni ìwọ̀n ìtànjẹ náà. Lẹ́yìn náà, a ó fi páálí oníhò méjì bo ohun tó yí àwọn ègé ká. Bí wọn kò bá wá dọ́gba lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yàrá ni kò dọ́gba.

Iná ló sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí iná bá rẹlẹ̀, gílóòbù àtijọ́ á máa pọ́n. LED oníbátìrì ló dára. Ká fi aṣọ dí fèrèsé. Ẹni tó ti inú oòrùn wọlé, kó kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 10. Kó tún sinmi ojú láàárín aṣọ kan sí èkejì, torí ẹni tó bá tẹjú mọ́ aró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 á máa rí yẹ́lò lórí funfun.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí aró má baà mú ibẹ̀, ló wá ń yí ọ̀rọ̀ náà po. Nínú ọnà ńlá, irú èyí tí wọ́n ń fi páànù tí a gé tẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, funfun á mú aró dúdú sí i. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín tí a fi ìyẹ́ adìyẹ fà, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: aró á gba funfun mọ́ra, á sì dà bíi pé ó fẹ́ funfun. Wilhelm von Bezold, ará Jámánì, kọ nípa irú rẹ̀ ní 1874. Ká gbé aṣọ kan náà sí mítà 1, 2, 4 àti 8, ká fi téèpù sàmì sí ibi tí ìdáhùn ti yí padà. Kí oníṣẹ́ àdìrẹ wá fa ìlà tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kó sì fi àlàfo ìlọ́po méjì sáàárín wọn. Tó bá jẹ́ bí ìlà ṣe fẹ̀ tó lójú ló fà á, àmì náà yẹ kó sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì pẹ̀lú.