CAC kì í gba ẹ̀jẹ̀ adìẹ

Ní Òṣogbo, bí ẹ bá bi ẹni tó fẹ́ dá hatchery sílẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fẹ̀rọ pa ẹyin kí wọ́n lè ta ọmọ adìẹ, pé ṣé ó ti forúkọ sílẹ̀, ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, ni yóò nà sí yín. Lójú tirẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Orúkọ okòwò, ẹni tó ni ín àti àdírẹ́sì rẹ̀ ni CAC ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ta bàtà lọ́jà Ìgbọ̀nà lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sì ní sọ pé ìwé náà ló jẹ́ kí bàtà òun lálòpẹ́.

Ibi tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́ ni ti àwọn ìyá adìẹ tó ń yé ẹyin. Àrùn kan wà tó ń jẹ́ pullorum, kòkòrò Salmonella ló ń fà á. Àgbébọ̀ tó ní in lè máa jẹ, kó máa mu, kó máa yé, kó má fi àmì kankan hàn. Àmọ́ kòkòrò náà ti wọnú ẹyin kí wọ́n tó yé e. Bí ẹ fọ ẹyin, bí ẹ foògùn nu ẹ̀rọ, inú ibẹ̀ ló ṣì wà. Tó bá pé ọjọ́ 21, tí ẹyin náà pa ọmọ, irun wẹ́wẹ́ ara àwọn ọmọ tó ní àrùn á máa fò káàkiri inú ẹ̀rọ, àwọn tí ara wọn dá á sì fà á símú. Oníbàárà tó kó wọn lọ sí Ẹdẹ tàbí Ìkirun ló máa bá ìgbẹ́ gbuuru funfun nídìí wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá adìẹ yẹn ni dókítà ẹran máa ń gbà láti fi yẹ̀ wọ́n wò. Mi ò tíì gbọ́ pé CAC ń gba ẹ̀jẹ̀ adìẹ.

Ìdí nìyí tí òfin àpapọ̀ lórí ìdènà àrùn ẹran fi dárúkọ hatchery: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ìlera ẹran ni ìforúkọsílẹ̀ tiẹ̀ wà.

Mi ò sọ pé ìwé tiwọn náà ń wo adìẹ sàn o. Ẹni tó fẹ̀rọ kékeré pa ẹyin mélòó kan nílé fún ìlò ara rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa tà, kó kọ́kọ́ bá dókítà ẹran ìjọba sọ̀rọ̀ kó tó ra ìyá adìẹ. Bí aṣojú kan bá ní owó kan ṣoṣo ló máa parí gbogbo ìwé náà, ẹ bi í pé ta ló máa wá wo adìẹ. Kó dáhùn ná kẹ́ ẹ tó sanwó.